Ìpara Tí Mo Fi Pamọ́

Òórùn kòkó tí a sá síwájú ilé wa ní Odò-Orò ló gba gbogbo àgbàlá lọ́jọ́ náà, òórùn kíkan tó máa ń mú mi sín. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, tí ìfẹ́ ibùsùn sì ti kú pátápátá lára mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ mi o, ọ̀rẹ́ mi. Bó bá ti fọwọ́ kàn mí báyìí, àgbàdo tí mi ò tíì lọ̀ ni mo máa ń rántí. Dókítà obìnrin kan ní Ìdó yẹ̀ mí wò. Ó ní ara obìnrin pàápàá máa ń ní díẹ̀ nínú họ́mọ̀nù tó pọ̀ lára ọkùnrin, ó sì fún mi ní ìpara tí họ́mọ̀nù yìí wà nínú rẹ̀, tí n óò máa fi ra itan, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan lójúmọ́. Ó kìlọ̀ gidigidi pé kò gbọ̀dọ̀ kan ara ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá ìjọ ni mí! Ẹ̀rù bà mí kí ọkọ mi má lọ rí i, kó ní ta ni mo fẹ́ torí ẹ̀ lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo bá tú u sínú ike ìpara tó ti ṣófo.

Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ-ọmọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin oṣù márùn-ún tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa torí iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ọ̀yẹ́. O mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ: wọn a nà án, wọn a jù ú sókè, wọn a wá fi òrí ra á títí yóò fi máa dán. Mo jáde sí wọn, mo rí ike mi ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

“Òrí ti tán,” ni wọ́n wí, “mo bá mú èyí nínú ulé yín.”

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Màmá pariwo pé òtútù á pa ọmọ, ariwo náà ló mú ọkọ mi sáré wá láti ìdí kòkó.

“Kí ló wà nínú ike yẹn?”

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, pé oògùn ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá purọ́, ta ni yóò gbé wa lọ sí Ìdó? Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi.

Nínú ọkọ̀, mo ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ṣáá, bí ẹni pé irùngbọ̀n fẹ́ hù níbẹ̀. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, a sì ti tètè fọ̀ ọ́; kò rí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ká máa kíyè sí i.

Nígbà tí a ń padà, bí a ṣe kọjá Ìfàkì, ọkọ mi lanu.

“Látọdún méjì yìí,” ó ní, “mo rò pé èmi ni mo sú ọ.”

Ohun tó máa rò bó bá mọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù látìgbà yẹn. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló ń rò nígbà tí kò mọ̀.