Kámẹ́rà Àpò Tí Mo Gbé Lọ sí Ìgbẹmọ

Awakọ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ọkọ̀ tó gbé Ìyá Ìgèdè wá dúró sí etí títì, ó ti kọjú sí ọ̀nà tó bá wá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ìyá náà sì jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ padà lọ ló ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Lọ́ọ̀ọ́kán, níwájú ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Ìyá Ìgbẹmọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Oòrùn ti ń rọ̀ lọ sẹ́yìn òkè. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí ni pé kí n ya àwọn méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan. Ọ̀kan kò fẹ́ dìde lórí àga, èkejì kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi títí irun orí mi fi funfun, ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì níbí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń lò, irú èyí tí ènìyàn ń fi aṣọ dúdú borí kó tó yà á. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé kámẹ́rà ni wọn óò fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa nu àga. Mo fajú ro. Ọ̀gá mi wò mí, ó ní, "Ojú ẹni tó máa jókòó sórí àga yẹn niṣẹ́ rẹ. Ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ lásán ni, ọ̀la ni òmíràn máa dé."

Òmíràn dé lóòótọ́. Fílíìmù lọ, kámẹ́rà dígítà tí kì í lo fílíìmù wọlé, mo sì ń gbé kámẹ́rà ńlá kiri inú Èkìtì, láti Adó dé Ìgèdè, títí èjìká mi ọ̀tún fi kọ̀. Ìyàwó mi á máa fi òrí pa á fún mi. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Baálé mi, ṣé kámẹ́rà lẹ̀ ń gbé kiri ni àbí ọlọ?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo pinnu láti wá kámẹ́rà àpò, èyí tó lè wọ àpò bùbá láìfa ọrùn aṣọ wálẹ̀, tí mo lè máa gbé káàkiri lójoojúmọ́ àti bí mo bá ń rìnrìn àjò. Wọ́n ní ṣé fóònù kò tó ni. Èmi kò bá fóònù jà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fóònù tèmi á bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú ènìyàn bí ẹni ń kun ògiri. Ìyá àgbà á wá dán bí ọmọ tuntun, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Tísà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni ọmọkùnrin Ìyá Ìgbẹmọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Adó.

"Bàbá Fótò," ó ní, "ojú ìyá mi ń lọ."

Ó ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ kò rí ọ̀kánkán mọ́. Etí ojú òsì nìkan ló kù tó fi ń ríran, ohun tó bá sì sún mọ́ ojú náà pẹ́kípẹ́kí nìkan ló ń rí. Iná tó bá bù yẹ̀rì máa ń ta á lójú bí ata. Ìyá náà sì ti sọ pé kí ojú òun tó pa dé pátápátá, òun fẹ́ rí ojú àbúrò òun, nínú fọ́tò tí àwọn méjèèjì bá jọ yà, tí òun lè gbé sún mọ́ ojú.

Àbúrò yìí ti bínú ó pẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Ìgbẹmọ, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Kí àbúrò tó ti Ìgèdè dé, iyẹ̀pẹ̀ ti bo òkú. Kò fojú kan ìyá rẹ̀. Ó búra níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò tún ní wọ ilé náà mọ́, kò sì wọ̀ ọ́. Tísà bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti wá, ó sì sọ fún un pé, "Títì ni mo máa dé. Mi ò ní wọ ulé yẹn."

Mo mọ̀ pé bí fọ́tò yẹn bá bàjẹ́, kò ní sí òmíràn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Alájì Mùsíbáù lọ. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Adó débi pé bí inú bá ń bí i, èdè Èkìtì ló fi ń jà. Kámẹ́rà tòkúnbọ̀ ló ń tà. Ó to mẹ́ta síwájú mi.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí imú rẹ̀, ìyẹn dígí tó fi ń ríran, máa ń yọ jáde bí orí ìjàpá. "Èyí lè fa orí òkè wá sínú pálọ̀ yín," Alájì ló wí bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Ìgbẹmọ ni mò ń lọ, ìlú onírẹsì. Bí wọ́n bá ń lọ ìrẹsì níbẹ̀, eruku èèpo rẹ̀ á gba gbogbo afẹ́fẹ́. Eruku yẹn á há sí ọrùn kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, imú tó yọ jáde kò sì ní lè wọlé mọ́. Ìkejì jẹ́ pupa, Alájì ní kò bẹ̀rù omi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo kámẹ́rà, àwo kékeré kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ bí igbá ṣe ń gba omi òjò. Igbá ti inú pupa yìí kéré jù. Ní ọ̀sán gangan, kò sí wàhálà, òjò ń rọ̀, gbogbo igbá ló ń kún. Nírọ̀lẹ́, òjò ti di winniwinni, igbá kékeré á ṣófo, fọ́tò á wá dà bí ẹni tí wọ́n da yanrìn sí lójú.

Ẹ̀kẹta dúdú, kò ní ẹwà kankan. Imú rẹ̀ kúrú, kì í yọ jáde. Igbá inú rẹ̀ tóbi. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fa ohun tó jìnnà wá. Bí o bá fẹ́ ojú ẹnì kan, ìwọ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá a.

"Alájì, dìde, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà."

"Èmi bí i ti báwo?"

"O dúdú, jalàbíà rẹ sì funfun."

"Ẹ̀ẹ̀n? Ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ mi, ẹ sì ń bú mi!"

Mi ò bú u o. Bí mo ṣe ń dán kámẹ́rà wò nìyẹn. Ẹ fi aṣọ funfun wọ ẹni dúdú, ẹ dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ sọ ojú Alájì di ìdí ìkòkò. Ìkejì mú ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n jalàbíà di ìmọ́lẹ̀ lásán, ó wá dà bíi pé orí nìkan ló ń léfòó. Ẹ̀kẹta mú méjèèjì, títí kan iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn aṣọ àti àmì ìforíkanlẹ̀ tó wà níwájú orí rẹ̀. Alájì wo ara rẹ̀ títí.

"Bàbá Fótò, mi ò tà á mọ́."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kó tó fi í sílẹ̀.

Òun ló wà nínú àpò mi nígbà tí Tísà pàdé mi níwájú ilé wọn ní Ìgbẹmọ. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Kámẹ́rà dà, sà?"

Mo yọ ọ́ jáde. Ojú Tísà yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Fótò, ẹ má fi wá ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa wá o!"

Ó sáré lọ sídìí ọkọ̀, ó sáré padà. "Wọ́n ní bí Ìyá bá fẹ́ rí àwọn, kí wọ́n máa bọ̀ ní títì."

Ìyá Ìgbẹmọ gbé orí sókè. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá sì dé títì, kí ni mo fẹ́ rí? Mọ́tò?"

Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Mo wo oòrùn. Ó kù díẹ̀ kó kan orí igi. Mo rántí pé ẹsẹ̀ ni kámẹ́rà ọwọ́ mi ń lò, mo sì rìn lọ bá Ìyá Ìgèdè ní títì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá."

"Ìwọ ni oní-fótò? Kámẹ́rà rẹ dà?"

Mo fi hàn án.

"Èyí tó dà bí ọṣẹ ìwẹ̀?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ya ojú yín, kí n gbé e lọ fún wọn."

"Kí ló fẹ́ fi ojú mi ṣe? Nígbà tó yẹ kí èmi náà rí ojú, ta ló dúró dè mí? Afọ́jú tó ń wo fọ́tò, níbo lẹ ti rí i rí? Wọ́n fi ojú fífọ́ tàn mí wá ni."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni, ẹ óò mọ̀ láìpẹ́."

Ó wò mí pẹ́. Ó fa ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó fún ẹnu pọ̀, ó kọjú sí mi bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. "Yà á."

Kò dún, kò sì bù yẹ̀rì. Mo gbé e lọ.

Ìyá Ìgbẹmọ fi ọwọ́ méjèèjì gba kámẹ́rà náà. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá gbé e sún mọ́ etí ojú òsì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Kámẹ́rà ńlá mi kì bá ti ṣe é gbé síbẹ̀, ọwọ́ ìyá náà kì bá ti gbé e dúró. Mo na ìka, mo tẹ ibi tó ń sọ àwòrán di ńlá, ojú àbúrò sì gba gbogbo dígí náà. Tísà fẹ́ la ẹnu, mo fún un lọ́wọ́ pọ̀.

"Ta nìyí?"

"Àbúrò yín ni, Ìyá."

"Irọ́. Ìyá wa rèé. Bó ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀ bí a bá ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyí." Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ, jẹ́ẹ́jẹ́, pé, "Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de àbúrò mi. Lémọ́mù ló ní oòrùn ń lọ. Lọ bá mi sọ fún un."

"Ẹ jẹ́ kí n ya tiyín náà, kí n lè rí nǹkan mú dání."

Mo padà sí títì. Ìyá Ìgèdè na kámẹ́rà jìnnà sójú, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pòṣé.

"Kí ló wá ń wò? Èmi ló ní òun fẹ́ rí, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbéraga yẹn kò tíì tán lára rẹ̀!"

"Ìyá, èmi ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá kọjú sí ènìyàn, wọn kò rí i mọ́. Àfi kí wọ́n yíjú kúrò kí wọ́n tó rí i."

Mo sọ àwòrán náà di ńlá fún un, ó sì rí ẹyinjú náà, bó ṣe rí bí omi ọ̀gì.

"Kí ló ní kó o sọ fún mi?"

Mo sọ ọ́, bí wọ́n ṣe rán mi gan-an, ọ̀rọ̀ Lémọ́mù àti ọ̀rọ̀ oòrùn. Ó gbójú sókè, ó wo oòrùn tó wà lórí igi. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀.

"Pa nǹkan yìí," ó sọ fún awakọ̀. "Ariwo rẹ̀ pọ̀ jù."

Ó rìn bọ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí sìmẹ́ńtì iwájú ilé ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró gbagidi. "Mo búra. Mi ò ní wọ ulé yìí."

Ìyá Ìgbẹmọ gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ta ló ní kó o wọlé? Ṣé o rí òrùlé lórí mi ni? Ìta ni mo wà. Wá jókòó ti ìyá rẹ, Àṣàkẹ́."

Ìyá Ìgèdè jókòó sí etí sàréè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Oòrùn ti wọ̀. Tísà ń pariwo sí mi létí pé kí n tan iná kámẹ́rà. Mo kọ̀ ọ́. Mo fi èjìká tó ń dùn mí ti òpó ìloro, mo sé èémí, mo ní, "Ẹ má mira o." Bí ilẹ̀ bá ti ṣú bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà máa ń la ojú pẹ́ kó tó pa á dé. Ojú yẹn ṣì là nígbà tí Ìyá Ìgbẹmọ gbé ọwọ́ sókè, tó ń fi ìka wá imú àbúrò rẹ̀, tó ń wá ẹnu rẹ̀. Ta ni yóò pariwo mọ́ ọn? Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ náà kò kúrò, títí tí mi ò fi rí nǹkan kan mọ́.

Mo wo àwọn fọ́tò náà. Ojú méjèèjì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti di èéfín. Bí ọ̀gá mi bá rí fọ́tò tó mì báyìí, ṣe ni yóò fà á ya. Mo ní, "Ẹ forí jì mí. Ọwọ́ mì. Bí ẹ bá lè fún mi ní àárọ̀ ọ̀la..."

Ìyá Ìgèdè gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sí etí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí ọ. Kí ni funfun tó bò ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ yìí?"

"Ọwọ́ yín ni."

"Kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò."

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, méjì, ọ̀kan fún Ìgbẹmọ, ọ̀kan fún Ìgèdè. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti béèrè pé kámẹ́rà àpò wo ni kí òun rà, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ imú, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ igbá, mo sì máa ń dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀kankan nínú ìyẹn, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ gbé e lọ bá.