Ọwọ́ Ta Ló Gbìn Ín?

Bí mo bá rí ẹ̀fọ́ tútù lórí tábìlì ìkórè, ohùn Ìyá Ìjọ wa ní Fẹ́sítáàkì ni mo máa ń gbọ́. Kò ní súre sí ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Ọwọ́ ta ló gbìn ín?"

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà nígbà náà. Ní oko ẹ̀fọ́ kan lẹ́yìn Kúje-Àmúwò, nítòsí wa níbẹ̀, ọwọ́ lásán ni àwọn lébìrà fi ń fín oògùn kòkòrò, títí ojú ọ̀kan fi fọ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ìbọ̀wọ́, olóko lé gbogbo wọn. Alága ìkórè wa ni olóko náà.

Ìyá Ìjọ pe Alfa àdúgbò, àwọn méjèèjì lọ jókòó sẹ́nu géètì olóko náà fún ọjọ́ mẹ́ta láti bá àwọn lébìrà bẹ̀ ẹ́.

"Alfa, ẹ tún un kàn, ọwọ́ yín le ju tèmi lọ."

"Ìyá, Ọlọ́run ti gbọ́ o. Ẹni tó ni géètì ni kò gbọ́."

Wọn kò ṣí i.

Lọ́jọ́ ìkórè, alága gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ wá. Ìyá Ìjọ dìde, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Lébìrà tí ojú rẹ̀ fọ́ nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Ọwọ́ tèmi ni, Ìyá."

Kíá, kí ó tó sọ̀rọ̀ síwájú, ẹnìkan dá orin ọpẹ́ sílẹ̀ láti fi bo ohùn rẹ̀. Gbogbo ìjọ gbè é. Èmi náà gbè é.