Ọjọ́ Tí Ìjọ Wa Fi Ẹsẹ̀ Lásán Tẹ Ilẹ̀ Lábù

Nígbà tí owó Euro ṣì ṣàjèjì lọ́wọ́ wa ní Berlin, mò ń nulẹ̀ ní lábù kan tí kò jìnnà sí Märkisches Viertel, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ kiri pé wọ́n ń ṣe èlò bọ́ǹbù átọ́míìkì níbẹ̀. Wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ kan tí yóò jẹ́rìí. Èmi kẹ̀? Mo ti fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní sọ ohun tí mo bá rí, wọn ò sì tíì tún ìwé ìgbélùú mi ṣe ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa àjèjì. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Yàrá kan wà tí mò ń nù láràárọ̀. Kí n tó wọ ibẹ̀, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bàtà. Bí mo bá ń jáde, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á dè é mọ́nú ọ̀rá. Bàtà yàrá yẹn kì í fojú kan ìta. Mo bi ọ̀gá mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bọ́láńlé," ló wí, "ilẹ̀ ni wọ́n ní kó o nù."

Mo gbé garawa mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará àdúgbò ṣe ìwọ́de lòdì sí lábù náà, ìjọ aláṣọ funfun wa bá wọn jáde, àwọn ará wa láti St. Georg ní Hamburg sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Mo fi ìborùn bojú, torí ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn wáyà ọgbà, ó ń wò wá. Ìyá Ìjọ ní ká gbàdúrà. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti bọ́ bàtà, wọ́n ti kúnlẹ̀ sórí koríko lẹ́bàá wáyà. Ìyá Ìjọ, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún, tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀.

Yéè! N kò mọ ibi tí omi tí mo fi ń nu yàrá yẹn ń ṣàn gbà jáde.

"Ẹ wọ bàtà yín! Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Bọ́láńlé, ilẹ̀ tí a bá ti gbàdúrà, ilẹ̀ mímọ́ ni."

"Mímọ́ kọ́, Ìyá! Inú ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí bàtà wa jáde!"

Frau Krüger, aládùúgbò wa tó pe ìwọ́de náà, sáré dé. Ó bi ọkọ mi pé kí ni mo wí. Ọkọ mi wò mí. Ẹ̀rù ń ba òun náà. "Fẹnu ara rẹ sọ ọ́," ló ní. Mo ṣí ìborùn kúrò lójú, mo sì sọ ọ́ lédè Jámánì.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Fún oṣù pípẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, inú balùwẹ̀ ni mo máa ń sá sí. Àwọn ìjọba yẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n ní kò sí májèlé, síbẹ̀ wọ́n ti yàrá yẹn pa. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí ni wọ́n ń tì pa? Di òní, wọ́n jẹ wá ní ìdáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń pè mí ní akọni níbi ìpàdé. Ó ń tì mí lójú. Ọdún méjì gbáko ni mo fi mọ̀ nípa bàtà yẹn, tí àwọn ọmọ Jámánì àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko kan náà, ẹsẹ̀ lásán, ní gbogbo ìgbà ooru. Mò ń rí wọn bí mo bá ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Mo máa ń juwọ́ sí wọn.