Kọ́kọ́rọ́ Méjì fún Ilẹ̀kùn Kan

Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kọ́kọ́rọ́ ti òkè wà lọ́wọ́ bàbá mi, ti ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ Alájì, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ta páànù àti ìṣó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á dúró de ẹnì kejì, ìbáà jẹ́ pé àwọn oníbàárà ti ń kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn.

Èmi ni mo mú ìwé wọ̀ ọ́.

Ọdún kẹta mi nínú ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì ni. Òfin okòwò ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, torí ó dà bíi pé ilé wa ni wọ́n ń sọ: títà, rírà, àjọṣòwò. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa sọ pé tí ẹni méjì bá jọ ń ṣòwò láìní ìwé àdéhùn, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú ni òwò náà tú ká. Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Bàbá mi àti Alájì ti ń dàgbà, mo sì ti ń rí i lọ́kàn mi bí àwa ọmọ wọn á ṣe máa wọ́ ara wa lọ sílé ẹjọ́.

Mo bá jókòó, mo kọ ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́rin ní èdè Yorùbá, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ṣé ẹni tó ti dé ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ òfin tún ní nǹkan tí kò mọ̀ ni? Inú mi ń dùn sí ara mi ṣáá.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni mo mú un dé ṣọ́ọ̀bù. Alájì ti kírun tán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn títì, wọ́n ń dúró de bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí mi.

“Lọ́yà wa, o ti dé?”

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, “Bí Alájì bá kú.” Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

“Bàbá rẹ ló ní kí o kọ èyí?”

“Rárá, sà. Èmi ni mo rò ó fúnra mi.”

“Ìwọ nìkan kọ́ lo rò ó.”

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sápò. Bí bàbá mi ṣe dé báyìí, Alájì yọ kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì. “Ẹ máa ṣí i fúnra yín,” ni wọ́n wí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò gbọ́ kí Alájì pe bàbá mi ní “ẹ” rí. Bàbá mi dúró sójú kan, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi ò bú mi nígbà tí mo ṣàlàyé. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ sílé Alájì, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará ilé ní Alájì ò sí nílé. Inú bí bàbá mi náà, wọn ò lọ mọ́. Kò pẹ́ tí Alájì kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú wọn.

Ìdánwò dé, wọ́n sì béèrè nípa àjọṣòwò. Máàkì mi ló ga jù ní kíláàsì. Nígbà tí mo rí i lára ògiri, ẹkún ni mo sun, àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé ayọ̀ ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Alájì kú. Kí ọkọ̀ tó gbé èmi àti bàbá mi dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n ti sìnkú tán, torí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bàbá mi dúró ti iyẹ̀pẹ̀ tútù ojú sàréè náà. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè wojú wọn.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó Alájì pè mí sí ìyẹ̀wù, wọ́n fún mi ní ìwé tí mo kọ. Wọ́n ní inú àpótí tí Alájì ń kó Kùránì sí ni àwọn ti rí i. Mo ṣí i dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Alájì ti fọwọ́ sí i, pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ nílé kéwú.

Mo mú un lọ fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wò ó títí.

“Lọ́yà, ṣé ìwé yìí ṣì múlẹ̀?”

Mo mọ èsì rẹ̀. Ikú ti tú òwò náà ká, kò sì sí ẹni tó lè bá òkú ṣe àdéhùn.

“Ó múlẹ̀, Bàbá.”

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alájì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn títì. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn, àwọn oníbàárà ti ń kùn, bàbá mi sì jókòó, wọ́n ń dúró.