Ìlù Tí Hẹdimásítà Kò Gbọ́

Lánàá, mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Odigbo. Ọmọkùnrin tó gbé mi ń gbọ́ orin lórí fóònù tó há sí àpò àyà rẹ̀, ìlù orin náà sì ń tiro. Kì í ṣe pé ó burú o. Ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tó sì mọ̀ pé ìrìn òun wuni. Mo ní kí ó dín eré kù, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò máa ṣàlàyé Mọrẹ́nikẹ́ lórí ọ̀kadà?

Mọrẹ́nikẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi nígbà tí a wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odigbo. Ìhà Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá. Baba rẹ̀ ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó ń san ìsákọ́lẹ̀; ìyá rẹ̀ ń yan gààrí lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Àwa ọmọ Ìkálẹ̀ máa ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì máa sín wa jẹ, a ó wá rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn wá. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni ó ti kọ́ ìlù. Bí ìyá rẹ̀ bá fi èéfọ́ igbá ti gààrí síwájú nínú agbada, ìró rẹ̀ a gùn. Bí ó bá fà á padà, a kúrú: ṣàààká, ṣàààká. Láàárín méjèèjì, ẹnu igbá a tún rọra ha ìdí agbada, kí gààrí má baà jóná. Èmi kò gbọ́ ìyẹn rí, àfi ìgbà tí Mọrẹ́nikẹ́ ní kí n di ojú mi.

Lọ́jọ́ ọjà, a máa ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ọ̀rẹ̀. Baba kan wà nítòsí gáréèjì tó ń ta àwo orin, giramafóònù rẹ̀ kì í sinmi. A ó lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ a ní, “Má gbọ́ èyí tó ń pariwo. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ìyẹn. Gbọ́ abẹ́ rẹ̀.” N ó tẹ́tí títí, fèrè nìkan ni n ó gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ: láàárín ìlù kan sí èkejì, ẹnì kan ń fi igi rọra kan awọ, bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. “Òun ló ń gbé ẹsẹ̀ àwọn oníjó,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá yọ ọ́, orin náà ò ní yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jó.”

Òun ni ó ń lu ìlù ilé ìwé wa, èyí tí a fi ń máàṣì wọ kíláàsì lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Hẹdimásítà wa fẹ́ràn kí nǹkan gún régé. Àní ó máa ń to ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì bí ọmọ ogun. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún ni ó fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mọrẹ́nikẹ́ fi ìró agbada ìyá rẹ̀ sínú ìlù náà. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sì jó kọjá ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọn. Hẹdimásítà ní bí òun bá tún gbọ́ irú rẹ̀, òun yóò gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ kò lè jẹun ọ̀sán. Ìlù yẹn nìkan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ní Odigbo tí ẹnikẹ́ni kì í gba ìsákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lu òsì, ọ̀tún, ketekete. Hẹdimásítà dúró lórí fàráǹdà, ó ń mi orí pé ó dára. Ṣùgbọ́n Mọrẹ́nikẹ́ ń fi orí igi kan awọ láàárín, ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dé fàráǹdà. Àwa tí a ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ wa ń máàṣì, èjìká wa ń jó. Bí a ṣe ń jó lójú hẹdimásítà nìyẹn, kò sì rí wa mú.

Nígbà tí onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, baba Mọrẹ́nikẹ́ kó ẹrù. Mo bẹ bàbá mi kí a gba Mọrẹ́nikẹ́ sọ́dọ̀. Bàbá mi gbà, ó sì lọ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ ṣeun, sà. Òun nìkan ni ọmọ tí mo bí.” Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Mọrẹ́nikẹ́ kó igi ìlù lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Èyí tó ń pariwo, wàá mọ̀ ọ́n lù. Èyí tó kù, rọra máa wá a.” A kò fojú kanra mọ́.

Mo wá a. Mo lu abẹ́ àga, mo lu ìdí ìkòkò títí ìyá mi fi lé mi síta. Ọwọ́ mi a le jù, tàbí kí ó má dún rárá.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yan gààrí ní àdúgbò wa báyìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń lu ìlù inú orin ẹ̀yin ọmọ òní, pé ó tilẹ̀ lè tiro bó bá wù ú. N kò bá a jà. Àárò ẹni tó ń lù ú ló ń sọ mí. Bí mo bá bèèrè ẹni tó lu ìlù orin kan, orúkọ akọrin ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Ṣùgbọ́n abẹ́ orin ni mo ṣì ń tẹ́tí sí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè gbọ́ orin lọ́nà mìíràn mọ́.

Òwúrọ̀ kan ni kò kúrò lọ́kàn mi, ní ọ̀sẹ̀ tí Mọrẹ́nikẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀ lọ. Èmi ni mo wá ń lu ìlù ilé ìwé, hẹdimásítà sì sọ̀ kalẹ̀ láti fàráǹdà, ó gbá mi léjìká. Ó ní, “Ìlù rèé. Èyí ni mo ti ń wá.” Mo wo àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń wọlé gún régé, kò sí èjìká kan tó mì, mo sì bú sẹ́kún níwájú ẹni tó ń yìn mí.