Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà

Dàbínù ló kọ́kọ́ kọ̀ láti lọ. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ Rámádàánì ni. A jókòó yí àwo ìṣínu ká ní pálọ̀ ilé wa ní Ṣàgámù, ládàánì ti pe ìrun, mo sì ju dàbínù kan sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Mo jẹ ẹ́ kúnná, mo fẹ́ gbé e mì, ó dúró. Kì í ṣe pé ó há bí egungun ẹja ṣe ń há. Ńṣe ni ọ̀fun mi tì pa, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tí kò fẹ́ rí. Mo mu omi lé e, omi náà dúró díẹ̀ kó tó yọ́ lọ. Mo fa ìborùn bo ẹnu, mo tu dàbínù sínú rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ kírun. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Rìsíkátù lorúkọ mi. Ọmọ oníṣòwò obì ni mí. Obì gbànja ni bàbá mi fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí ìgbéyàwó mi tú ká, ilé wọn ni mo padà sí, àwọn ará àdúgbò sì ń pè mí ní dálémoṣú lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Alájì Wàhábì, tó ń gbé ní òdìkejì ìlú, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ tó bá ti rí mi, á mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa. Oṣù méje ni mo fi tọ́jú wọn. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń yí wọn lórí ibùsùn, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, mo sì tún ń bójú tó ilé obì tó wà níwájú ilé. Nígbà tí wọ́n kú, orúkọ mi yí padà. Dálémoṣú di ọmọ rere. "Ọwọ́ Rìsí ni Bàbá kú sí," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ níwájú èrò, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé. "Ó ṣe é! Ọlọ́run á san án fún un." Èèyàn á ṣe àmín, ọrùn mi á sì máa gan. Mo lè sọ pé n kò mọ ìdí nígbà náà, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín. Mo mọ̀, mo kàn ń gbójú kúrò níbẹ̀ ni.

Ààwẹ̀ ló wá bò mí láṣìírí. Ta ló ń wo ẹnu aláàwẹ̀ lọ́sàn-án? Tó bá di ìdájí, màá ní mo ti jẹ sààrì ní kíṣìnì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá mu tíì àti omi ọbẹ̀, màá sì fọ́n oúnjẹ ká inú àwo kó lè dà bí èyí tí wọ́n jẹ. Nígbà tí a túnu, mo ní mo fẹ́ gba ọjọ́ mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní mo fẹ́ san àwọn ọjọ́ tí nǹkan oṣù jẹ́ kí n pàdánù. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó yá, n kò sọ ọjọ́ kankan mọ́, wọ́n kàn mọ̀ pé Rìsí ń gbààwẹ̀ ni.

Mo ń gbẹ, ìyìn ń pọ̀ sí i. Bùbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di agbádá sí mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wá sí ilé obì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ wo àǹtí yín dáadáa. Obìnrin tó mọ Ọlọ́run nìyí." Màmá Sídì, ìyá àgbà tó ti ń bá wa bó obì láti ayé ìyá mi, nìkan ni kò dá sí i. Ó ń bó obì rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n jáde tán ló tó wò mí láti òkè délẹ̀. "Rìsí, Ọlọ́run tí dede wa ń sìn, èmi ò gbọ́ ọ rí pé ó ń jẹ ẹran ara èèyàn o." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé yàrá, mo sunkún, ẹkún náà ò sì jáde ju ojú lọ.

Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣe yín, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Tí mo bá jẹun, ọ̀fun á tì, ẹ̀rù á bà mí pé mo fẹ́ kú síwájú àwo. Tí mo bá sì sọ pé n kò lè jẹun, wọ́n á bi mí pé láti ìgbà wo, nítorí kí ni. Ọ̀nà méjèèjì ló dí. Inú ìyìn yẹn ni mo wà bí eku tó wọ inú ìgò, tí ọrùn ìgò kò gbà á jáde mọ́.

Bí àṣírí ṣe tú rèé. Ẹni tó bá ń tọ́jú obì mọ̀ pé a kì í dì í sínú apẹ̀rẹ̀ ká gbàgbé rẹ̀. Lóòrèkóòrè la ń tú u, à ń fi àtàǹpàkò tẹ obì wò níkọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ máa ń yàtọ̀ lábẹ́ ọwọ́ kó tó hàn sójú. A ó yọ ọ́ kúrò, a ó sì fi ewé tútù rọ́pò ewé tó ti gbẹ. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí òòyì kọ́ mi. Mo lajú, mo bá ara mi lórí ilẹ̀ láàárín obì, orí mi wà lórí itan Màmá Sídì, ó ń pariwo pé kí wọ́n pe ọkọ̀.

Àwọn dókítà fi omi sí mi lára, wọ́n sì ní kí n sọ òótọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo sọ fún ẹnì kan pé oúnjẹ kì í lọ. Mo rí bí ojú dókítà ṣe yí padà. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló ń rò. Bẹ́ẹ̀ ni mo di ará àga onípákó, níbi tí a ti ń dúró de orúkọ wa láti àárọ̀. Mo mọ ìró ṣálúbàtà nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní oògùn funfun kan mu, ó dà bí ẹfun tí wọ́n pò mọ́mi, wọ́n sì ń fi èkísíréè wo bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fín oògùn tó ń mú ara kú sí mi lọ́fun, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu mi wọlé. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò, àmọ́ ó ń ṣe èèyàn bí ẹni fẹ́ bì, omi sì ń dà lójú mi láìjẹ́ pé mò ń sunkún.

Wọn ò rí kókó. Wọn ò rí ọgbẹ́. Ojú tì mí láti kọ ọ́ síbí, àmọ́ inú mi bàjẹ́. Jẹjẹrẹ ì bá jẹ́ orúkọ tí mo lè pè fún èèyàn. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan ló yí ọ̀nà ọ̀fun ká, pé ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ lè mú iṣan náà sún kì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń mú èjìká le, àti pé àìsàn gidi ni, èèyàn kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní kí n lọ rí obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìtọ́jú ọkàn.

"Ṣé ẹ ní orí mi ti dàrú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ẹ ṣáà lọ bá wọn."

Ìyáàfin Ṣódípọ̀ lorúkọ obìnrin náà, ọmọ Ìpẹ̀rú, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. Mo ti múra ìtàn sílẹ̀: ìgbéyàwó tó tú ká, ikú Bàbá, iṣẹ́ tó pọ̀. Mo rò ó fún un bí ẹni ka ìwé, mo sì fi "mo dúpẹ́, kò sí wàhálà" parí rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ẹ ní kò sí wàhálà, ọwọ́ yín wà lọ́rùn." Mo wò ó, òótọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti di ọrùn ara mi mú.

Bí ìtọ́jú náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ara ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi. Ìmọ̀lára kì í gbé inú orí nìkan: ìbínú lè wà ní àgbọ̀n, ìbẹ̀rù lè wà ní ikùn, ẹ̀dùn lè wà lábẹ́ ọrùn. Tí ẹnu bá ti kọ́ láti máa bò ó, ara á ṣì máa sọ ọ́. Ìyáàfin Ṣódípọ̀ á ní kí n fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí n jẹ́ kí èémí wọlé bó ṣe fẹ́, kí n wá sọ ohun tí mò ń gbọ́ lára láìsọ ìdí rẹ̀. Ṣé ó gbóná ni? Ṣé ó wúwo? Ṣé ó ń sún? Tó bá ti le jù, á ní kí n wo fèrèsé, kí n fọwọ́ kan àga, kí n sinmi. A kì í fipá tú u.

Ní àkọ́kọ́, mo rò pé eré ọmọdé ni. Mo sọ fún un pé èmi ò mọ nǹkan kan lára mi. Ó bi mí bí mo ṣe ń mọ obì tó ti bàjẹ́. Mo ní ọwọ́ mi ló ń mọ̀, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kì í bá obì jiyàn. Ẹ má bá ara yín náà jiyàn." Mo bínú sí i, torí pé ó mú mi.

Ìgbà kẹrin tí mo lọ, ó ní kí n fiyè sí ọwọ́ ọ̀tún yẹn, kí n jẹ́ kó ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe. Àtàǹpàkò àti ìka méjì ló fún pọ̀, bí ẹni mú nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ dání. Ó gbéra díẹ̀díẹ̀ síwájú mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀kọ gbígbóná, mo sì ń gbọ́ fèrè lọ́rì.

Ṣíbí ni ọwọ́ mi mú.

Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún Bàbá lóúnjẹ. Ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù kì í lágbára, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Kí n gbé wọn jókòó dáadáa, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn, ṣíbí kékeré, kí n dúró kí wọ́n gbé e mì. Oṣù méje ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, lọ́rì àwọn tó ń ra obì lọ sí òkè Ọya ti dé, wọ́n ń tẹ fèrè, mo sì ti pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá ràn mí lọ́wọ́, kò wá. Ìrọ̀rí kan ni mo fi sí wọn lẹ́yìn. Mo bu ẹ̀kọ kún ṣíbí ńlá. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé e mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè." Wọ́n wò mí. Wọ́n gbìyànjú. Ikọ́ tó mú wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí èémí, ibà sì dé lálẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n kú.

Mo sọ ọ́ tán, ẹkún kan jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn mi, ó gba ọ̀fun yẹn kọjá, ó ń dún bí ohùn ẹni tí n kò mọ̀. Ìyáàfin Ṣódípọ̀ kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀kọ náà ló pa wọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ sì nìkan wà."

N kò jẹ iyán lọ́jọ́ kejì o, ẹ má retí ìyẹn. Oṣù mélòó kan ló gbà: ẹ̀wà tí a lọ̀, búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, mo ń fi ọwọ́ kan àyà láàárín òkèlè kan sí ìkejì. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo lè jẹ bísíkíìtì. Nílé, láàárín àwọn tó ń yìn mí, ọ̀fun mi ṣì ń tì. Èmi àti ara mi ti mọ ohun tó kù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Màmá Sídì gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Àbúrò mi rèé, ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá…" Ọrùn mi gan. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí mọ́. Mi ò gbààwẹ̀. Ọ̀fun mi ló tì."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa lọ ná. Mo wá sọ ọ́ fún un, ìrọ̀rí kan, ṣíbí ńlá, fèrè lọ́rì, àti ìpè tí kò dáhùn. Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jáde.

Ẹ̀rù bà mí. Màmá Sídì kàn ti àwo sí iwájú mi. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì, ó lọ. Mo tún bu òmíràn. Mo ń sunkún, mo ń jẹun, mo jẹ ẹ́ tán.

Ó tó Jímọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi kò yọjú. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Ní ìkẹrin, ó wọlé ní òun nìkan, ó fa àpótí, ó jókòó.

"Inú ń bí mi sí ẹ," ló wí. "Inú ń bí mi sí ara mi. Mo rí ìpè yẹn, Rìsí. Mo ní màá pè ẹ́ padà."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bu oúnjẹ. Jẹ́ kí n rí i."

Títí dòní, ọjọ́ mìíràn ṣì wà tí ọ̀fun mi ń sún kì, pàápàá tí mo bá ti sọ pé kò sí wàhálà níbi tí wàhálà wà. N kì í bínú sí i mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí nígbà tí ẹnu mi ń gba ìyìn, òun ló kọ̀ tí kò bá mi purọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ti àwo sí iwájú mi láìbéèrè. Ẹ̀dùn Bàbá kò kúrò. Mo mọ ibi tó wà lára mi báyìí, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ò yìn mí mọ́. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á jókòó sórí àpótí yẹn, á máa wo òkèlè mi àkọ́kọ́ títí yóò fi wọlé. Á ní, "Ó lọ?"

Màá ní, "Ó lọ." Ìgbà yẹn ni òun náà á tó bu tirẹ̀.