Omi Kànga Tí A Yẹ̀ Wò Lẹ́ẹ̀mejì

Ilé ìwádìí kékeré kan ní Creek Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń yẹ omi àti iyẹ̀pẹ̀ wò bóyá epo bẹntiróòlù tàbí karosíìnì ti wọ inú wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Àlájà kan tó nílé l'Ájégúnlẹ̀ wá bá wa. Ó ní kànga òun ń run karosíìnì, ó sì fura sí ọgbà táńkì epo ẹ̀yìn àdúgbò wọn. Èmi fúnra mi ni mo lọ fa omi náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́, epo inú rẹ̀ sì ju ohun tí òfin gbà lọ. Inú Àlájà dùn pé ẹ̀rí ti wà. Ó mú èsì náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n tó fèsì: ìlànà tí a lò ti kúrò lára èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. Ká tún un ṣe.

Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà?"

"Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ ọ́ ti wá," ó ní. "Mo rò pé ìlànà tuntun náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni."

Orí mi gbóná. Kẹ́míkà tuntun tí a ó fi yọ epo kúrò nínú omi ṣì wà ní èbúté ní Wharf Road, àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá wa gba ẹrù ò tíì rí i gbà jáde. Kó tó dé ọwọ́ wa, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kànga ti kún dé ọrùn.

"Kí ló ṣe èyí tó o fà níjọ́sí?" Àlájà bi mí nígbà tí mo padà lọ fa omíràn.

"Omi ò ṣe nǹkan kan, Mà. Ọ̀nà tá a fi yẹ̀ ẹ́ wò ni wọn ò gbà mọ́."

Ayálégbé rẹ̀ kan dá sí i: "No be the same water?"

Mi ò lè sọ pé ìlànà tuntun burú. Ó tiẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀: ìgò gíláàsì dípò ike, kí omi sì wà nínú yìnyín títí a ó fi dé ilé ìwádìí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, epo náà fi díẹ̀ dín sí ohun tí òfin gbà. Mo tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí. Ṣé òjò ló bu omi là á ni, àbí ìlànà? Mi ò mọ̀.

Nígbà tí mo ka èsì náà fún Àlájà, ó bi mí pé, "Ìwọ á mu ún?"

"Rárá, Mà."

"Kọ ìyẹn síbẹ̀ fún mi."

Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Àlájà ti fi páànù bo kànga náà, ọlọ́mọlanke ló ń bá wọn gbé omi wá.